Ọdún Mẹ́rin àti Ọdún Mẹ́rìnlélógójì

Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ jóná ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìyá mi kò lè dá lọ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Èmi ni mo dì í lápá mú lọ. Eérú ṣì ń rú èéfín nígbà tí a débẹ̀. Páànù tó wà lórí ìsọ̀ ti ká kò sílẹ̀ bí ewé ẹ̀kọ, òórùn ata tó jóná sì gba gbogbo afẹ́fẹ́, a ń wúkọ́, omi ń dà lójú wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá mi, tó ti ń jókòó lójú ìsọ̀ kan náà kí wọ́n tó bí mi, kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Kò sí ògiri, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí òpó tí èèyàn lè fi ṣe àmì. Obìnrin méjì ti ń pariwo mọ́ ara wọn lórí ibi tí ààlà wọn wà, ẹkún sì wà lójú àwọn méjèèjì.

Wọ́n lọ pe olórí àwọn aláta wá. Ìyá àgbà ni, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti ju ogójì ọdún lọ tí wọ́n ti ń ta rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ ní ìlà yẹn. Wọn kò mú ìwé kankan dání. Wọ́n gba igi kan lọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan, wọ́n dúró pẹ́, wọ́n wo ọ̀ọ́kán ààfin, wọ́n wo ojú títì, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi náà fa ilà sínú eérú.

"Ìyá Ìbejì nìyí. Ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ojú àgbàrá nìyí, òun ló pààlà. Ìwọ, ìsọ̀ rẹ kò dé ibí rí. Ìyá ọkọ rẹ ló máa ń to agbọ̀n síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, mo sì máa ń bá a wí."

Obìnrin tí wọ́n bá wí kúnlẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ parí. Kò tó wákàtí kan tí ìyá yìí fi to gbogbo ìlà náà padà sórí eérú, ìsọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi kan ti ìyá mi. Ìyá mi lọ dúró sínú ilà tí wọ́n fà fún un, ó fi aṣọ nu ojú, ó ní, "Ibí ni. Ibí ni lóòótọ́."

Ìjọba ti tún ọjà náà kọ́ látìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n igi tó ń fa ilà nínú eérú kò kúrò lójú mi rí, ibi tó sì gbé mi dé ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gómẹ́ǹtì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ọ̀yọ́. Lọ́dọọdún ni a máa ń kan orí ẹ̀kọ́ tó dá lórí ilé aṣòfin. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó pé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Pé ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ 32. Pé àbádòfin gbọ́dọ̀ gba ìwé kíkà mẹ́ta kọjá. Pé gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i, tí kò bá sì fẹ́ fọwọ́ sí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ á dà á kọ. Wọ́n á kà á fún ìdánwò, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Ohun tí pátákó kò lè gbà ni bó ṣe ń pẹ́ tó kí èèyàn tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá dé ilé aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́ dà bí ìyàwó tuntun ní agbo ilé ńlá: kò mọ ta ló ń bá ta ṣọ̀rẹ́, kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò sí, kò mọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ lójú bàbá àgbà. Kó tó mọ̀ ọ́n, ọdún mẹ́rin ti pé.

Gbogbo ariwo wa lórí obìnrin nínú òṣèlú ni pé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Èmi náà ti pa ariwo yẹn títí. Ní báyìí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó wọlé, kó sì pẹ́ níbẹ̀.

Obìnrin tó mú ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Phyllis Kahn ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní New York ní 1937. Sáyẹ́ǹsì ló kà, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Yale, ó sì ń ṣèwádìí ní yunifásítì kan ní ìlú Minneapolis, ní Ìpínlẹ̀ Minnesota, lápá àríwá Amẹ́ríkà níbi tí òtútù ti ń mú omi adágún dì. Ní ọdún 1972, ó jáde dupò aṣojú sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Aṣojú 134 ló wà nínú ilé yẹn. Obìnrin mẹ́fà péré ló wọlé lọ́dún náà, òun sì jẹ́ ọ̀kan.

Ọdún méjì méjì ni sáà wọn níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin bíi tiwa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni obìnrin yìí ń padà lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kí wọ́n tún rán òun lọ, wọ́n sì ń rán an. Ó wọlé nígbà 22. Ọdún 44 ló lò, láti 1973 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ẹ wò ó lọ́nà yìí: nígbà tó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, Gowon ló wà lórí àléfà nílẹ̀ wa, kò tíì sí ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ń pè wá. Nígbà tó máa fi kúrò, Buhari ti di ààrẹ alágbádá.

Kì í ṣe iye ọdún yẹn ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara tó bí ọ̀rọ̀ sìgá. Láyé ìgbà tó wọlé, ibi gbogbo ni àwọn èèyàn wọn ti ń mu sìgá: ọ́fíìsì, ọsibítù, ilé oúnjẹ, inú ìpàdé. Ẹni tí kì í mu ún, èéfín ẹlòmíràn ni yóò fà símú. Obìnrin yìí, tó jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa ara ẹ̀dá, gbé àbádòfin kan kalẹ̀ pé kí wọ́n ya ibi tí wọn kò ti gbọdọ̀ mu sìgá sọ́tọ̀ ní gbogbo ibi tí ará ìlú ń pé jọ sí lábẹ́ òrùlé. Ní 1975, ó di òfin. Kò tíì sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ṣe irú rẹ̀ rí káàkiri ìpínlẹ̀ pátá. Ṣùgbọ́n ìdajì òfin ni. Nínú yàrá kan náà, apá kan ń mu sìgá, apá kejì kò mu, èéfín kò sì mọ ààlà. Ọdún 2007 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe, tí wọ́n sì ka sìgá léèwọ̀ pátápátá ní ilé oúnjẹ àti ilé ọtí.

Láti 1975 dé 2007, ọdún 32 ni. Obìnrin tó gbin igi náà ṣì wà nínú ilé nígbà tó so. Ó mọ ohun tí wọ́n sọ nígbà àkọ́kọ́, ó mọ àwọn tó takò ó, ó mọ ohun tí wọ́n gbà láti yọ kúrò nínú òfin náà kó lè kọjá. Ẹni tó ń jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kò lè mọ èyí láéláé. Yóò bá òfin nílẹ̀ bí ẹni bá ilé tí wọ́n kọ́ ku, kò ní mọ ìdí tí ògiri yìí fi yà bàrá.

Mo padà sílé wàyí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ìròyìn dé Ọ̀yọ́ pé wọ́n ti fi ọmọ wa ṣe Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin n'Íbàdàn. Monsurat Sunmonu ni. Ó ti gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé, ó wọlé ìbò ọdún náà lábẹ́ ẹgbẹ́ ACN láti ṣojú Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi í sórí àga ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ gan-an. Kò sí obìnrin tó jókòó sórí àga yẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976. Mo rántí ọjọ́ náà ní Akẹ̀sán. Ìyá mi ní kí n tún rédíò gbé sókè. Àwọn obìnrin tí kò dìbò fún un pàápàá ń sọ pé, "Ọmọ wa ni, ọmọ wa ni."

Ní 2013 mo kó àwọn ọmọ SS2 lọ wo ìjókòó ilé ní Àgòdì. Ọmọ ogún ó lé díẹ̀ ni a kó sínú bọ́ọ̀sì méjì, a ti kúrò ní Ọ̀yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, oúnjẹ wà nínú kúlà. A jókòó sókè níbi tí wọ́n ń fún àlejò. Ọkùnrin kan gbé ọ̀pá àṣẹ wọlé, ó gbé e léjìká bí ẹni gbé ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Abẹnugan wọlé. Gbogbo aṣòfin dìde, àwọn bàbá tó ti hewú, àwọn tó wọ agbádá tó gba àyè ẹni méjì, gbogbo wọn ló dìde títí obìnrin náà fi jókòó. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí fà mí láṣọ. Ó rọra sọ fún mi pé, "Mà, gbogbo wọn ló dìde fún un." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe fún mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tí ọmọ yẹn rí lọ́jọ́ náà, mi ò lè fi ẹ̀kọ́ ogún ọdún kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ohun tí Sunmonu ṣe, ohun yòówù kí onítọ̀hún rò nípa òṣèlú rẹ̀. Ní 2015 ó kúrò n'Íbàdàn, ó di sẹ́nétọ̀ fún Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́, ẹkùn tó gba ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá, láti ọ̀dọ̀ wa níbí dé Ògo-Olúwa àti Sùúrùlérè lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, títí dé Ọ̀nà-Àrà lẹ́yìn Ìbàdàn. Ní 2019, Teslim Folarin ló gba ìjókòó náà. Ọdún mẹ́rin nínú ilé kan, ọdún mẹ́rin nínú ilé kejì, ó parí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun fún obìnrin ilẹ̀ wa. Wúràọlá Ẹ̀san, tó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ̀lété ní 1944, ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1960, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, kó tó wá di Ìyálóde Ìbàdàn. Àádọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan ló wà láàárín ìgbà yẹn àti ọjọ́ tí ìyá mi ní kí n gbé rédíò sókè. Bí ẹni tó wọlé lónìí bá ti jáde lọ́la láìsí ẹni tó kọ́ ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá dé ni yóò máa jẹ́ àkọ́kọ́. Àwa sì fẹ́ràn àkọ́kọ́ púpọ̀. A máa ń ya fọ́tò rẹ̀, a máa ń fi joyè. Ẹni kejì, ẹni kẹta, ẹni tó wà níbẹ̀ fún ìgbà kẹrin, kò sẹ́ni tó ń béèrè wọn.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé Ọ̀yọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní iyì ìpẹ́ nípò. Ọba Làmídì Adéyẹmí gorí ìtẹ́ ní 1970, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Èèyàn tó bá fẹ́ mọ ìtàn ìdílé kan, tàbí bí oyè kan ṣe délé kan, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ, nítorí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà rí, wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ bàbá ẹni tó pe ẹjọ́. A kò sọ pé ọdún wọn ti pọ̀ jù. A ní bàbá mọ ilé.

Nínú ààfin kan náà, láyé àtijọ́, obìnrin ló di ibi tó gbóná jù mú. Ìyá Kéré ló ń tọ́jú ohun ẹ̀ṣọ́ ọba. Bí inú bá bí i, tí kò gbé wọn jáde, ọba kò lè jáde síta bí ọba lọ́jọ́ ọdún. Òun ni wọ́n ní ó ń gbé adé lé Aláàfin lórí. Ìyá Nàsó wà fún Ṣàngó ọba. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe obìnrin tí wọ́n yàn fún ọdún mẹ́rin. Ìgbésí ayé wọn pátá ni wọ́n lò nídìí iṣẹ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi ń bẹ̀rù wọn. Ẹ lọ sọ́jà, ohun kan náà ni. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ìyá ìjọ. Ẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ wo ìyá àdínnì. Ibi gbogbo tí obìnrin Yorùbá ti ní agbára gidi, ó pẹ́ níbẹ̀ ni. Ilé aṣòfin nìkan ló kù tí a ti ń ṣe bí ẹni pé sàárà ni ìjókòó náà, pé kí ẹnì kan bù ún kó sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Ìwé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Gómìnà ni wọ́n fún ní sáà méjì péré. Aṣòfin lè lo sáà mẹ́wàá bí àwọn tó rán an bá ń rán an. Àwa fúnra wa la kọ "ó ti kàn wá" kún òfin. Ó ti kan ìjọba ìbílẹ̀ kejì, ó ti kan wọ́ọ̀dù kejì, ó ti kan agbo ilé kejì. Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀: ohun tó bá wọ̀lú ni wọ́n fẹ́ kí ó kárí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí "ó ti kàn wá" máa ń kọ́kọ́ lé. Bí obìnrin bá wà lórí àga, ó máa ń tètè kàn.

Mo ní àǹtí kan, àbúrò ìyá mi, tó lo ohun tó lé ní ogún ọdún nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ilé àǹtí mi ni kúlà ìrẹsì máa ń wà nígbàkigbà tí ìpàdé bá wà. Àwọn ló ń pín aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń fi tiwọn dí i bí ẹnì kan kò bá san. Orin tí wọ́n ń kọ nígbà ìpolongo, ohùn wọn ló ń lé e. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dupò aṣòfin ìpínlẹ̀, gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ ló rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, kò sẹ́ni tó ní rárá. Ẹ̀yìn ìṣá ni ìpàdé ń bẹ̀rẹ̀, ní ilé àgbà kan nínú ẹgbẹ́. Aago mọ́kànlá òru ni ọ̀rọ̀ gidi ń wáyé, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin bá ti padà sílé. Ohun tí wọ́n pinnu lóru ni wọ́n á wá kéde lọ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta sí ìdìbò abẹ́lé, àwọn àgbà ẹgbẹ́ pe àǹtí mi, wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín ọkùnrin yìí lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ó máa jẹ́ aṣáájú obìnrin wa." Àbúrò tí wọ́n ń sọ yìí, kò tíì pé ọdún méjì tó wọ ẹgbẹ́.

Àǹtí mi kò bá wọn jà. Wọ́n sọ fọ́ọ̀mù ìdupò wọn sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n gbé e sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Mo rí i níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo ń bá wọn wá aṣọ òkè kan. Fọ́tò wà lára rẹ̀, wọ́n we gèlè aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì wojú kámẹ́rà bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Lẹ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ, etí kan ti ṣí. Mo ní kí n bá wọn lẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé owó ni ìṣòro. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fún ìbò 2023, mílíọ̀nù 2 náírà ni ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, wọ́n sì ní kí obìnrin san owó ìfìfẹ́hàn nìkan, kí wọ́n fún un ní ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù ló lé àǹtí mi padà. Ìpàdé aago mọ́kànlá òru ni. Kò sí ẹ̀dínwó fún ìyẹn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá dìbò lórí àtúnṣe tí yóò ya àwọn ìjókòó kan sọ́tọ̀ fún obìnrin, ní ìpínlẹ̀ àti l'Ábùjá. Wọ́n ní rárá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ìjókòó sẹ́nétọ̀ 109, obìnrin mẹ́ta ni àjọ INEC kọ́kọ́ kéde. Mo kọ mẹ́ta àti 109 sójú pátákó lọ́jọ́ kan láìsọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ nawọ́, ó ní, "Mà, ẹ gbàgbé odo kan lẹ́yìn mẹ́ta."

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpẹ́ nílé yìí ti hàn sí mi gbangba. Ní 1990 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní LAUTECH lónìí. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ kan wá di ti bàbá méjì. Ta ló máa san owó oṣù, ta ló máa yan ọ̀gá, ta ló ni ín gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn fà láti sáà dé sáà. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àjọ tó ń bójú tó yunifásítì tó kéde pé ó ti di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Aṣòfin tó bá wọlé ní 2011, tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, ó ní láti wọlé nígbà mẹ́ta. Ẹni tó lò sáà kan, àárín ọ̀nà ló ti bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti "báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an?", ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó mìíràn yóò tún jókòó, wọ́n á tún gba ìwé tí àwọn tó ṣáájú ti gbà.

Ẹ tún rántí 2006, nígbà tí aṣòfin 18 nínú 32 kóra jọ n'Íbàdàn, tí wọ́n ní àwọn ti yọ Gómìnà Ládọjà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ló lè yọ gómìnà, ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kì í sì í ṣe 18. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a padà sípò lóṣù kejìlá ọdún náà. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni ìpínlẹ̀ wa fi san gbèsè ìṣirò kan. Nígbà gbogbo tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mi, ìyá aláta ni mo máa ń rí, pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ pé ìsọ̀ rẹ kò dé ibí rí.

Mo gbà pé èèyàn lè pẹ́ níbì kan kó sì bà á jẹ́. Àwọn tó pẹ́ tí wọn kò ṣe nǹkan kan wà, àwọn tó pẹ́ tí wọ́n kàn ń jẹun níbẹ̀ wà. Wọn kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ìbò ni oògùn wọn, oògùn náà sì ṣiṣẹ́ fún Phyllis Kahn fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ilhan Omar fi ìbò lé e. Sòmálíà ni wọ́n bí Ilhan sí. Ogun lé ìdílé rẹ̀ kúrò nílé, ó dàgbà díẹ̀ nínú àgọ́ àwọn tógun lé ní Kẹ́ńyà kó tó dé Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún méjì nínú ilé náà, ó gba ibẹ̀ lọ sílé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú mi bàjẹ́ fún obìnrin àgbà náà, inú mi sì dùn fún èyí èwe, n kò mọ èyí tí ǹ bá fi ṣíwájú. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ fún Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ obìnrin tó pẹ́ títí tí òfin fi so lójú rẹ̀, mo sì fẹ́ obìnrin èwe tó lè gba ilẹ̀kùn kan náà wọlé láìjẹ́ pé wọ́n jókòó lóru láti fi fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra ata ní Akẹ̀sán tuntun. Ìyá àgbà náà ṣì ń jókòó níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọmọ wọn ló ń wọn ata báyìí. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí ojú mi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé ni mo ń kọ. Mo kúnlẹ̀ ti agbọ̀n, mo sọ ìtàn obìnrin Amẹ́ríkà náà fún wọn, ọdún 44, sìgá, gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dópin.

"Ta ló wá gbé ìsọ̀ náà fún?"

Mo ní wọn kò gbé e fún ẹnikẹ́ni, Ìyá. Mo ní ọmọ Áfíríkà kan ló bá wọn du ìbò, ó sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣa rodo méjì tó ti rà kúrò nínú kọ́ńgò tí wọ́n wọ̀n fún mi, wọ́n fi mẹ́rin tó pọ́n dáadáa rọ́pò rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ṣe gba tèmi," ni wọ́n wí. "Ìyá kan wà níbí ṣáájú mi. Ọdún mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́dún kẹrin, ó pè mí, ó wá fi ojú àgbàrá yẹn hàn mí."